Kí Àlejò Tó Tún Lè Sùn Fọkàn Balẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Òtẹ́ẹ̀lì Agbègbè Suitland Lásìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2020 ni Gómìnà Larry Hogan kéde pé àrùn Kòrónà ti wọ ìpínlẹ̀ Maryland. Kí oṣù náà tó parí, àṣẹ ti jáde pé kí oníkálukú fìdí mọ́lé. Káúńtì Prince George's, níbi tí Suitland wà, ni àrùn náà ti mú èèyàn jù lọ ní gbogbo Maryland lọ́dún yẹn. Gaylord National tó wà ní National Harbor, òtẹ́ẹ̀lì tó ní nǹkan bíi 2,000 yàrá, ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹta náà. Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2021 ló tó ṣí i padà. Tí ilé ńlá bẹ́ẹ̀, tí Marriott ń bójú tó, bá lè wà ní títì pa fún ọdún kan ó lé, ẹ̀yin tí ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré lẹ́bàá títì mọ ohun tí ojú yín rí.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹ̀yin onílé àti máníjà òtẹ́ẹ̀lì ní agbègbè yìí, àti fún àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, láti orí ẹni tó jókòó sí káńtà dé orí ẹni tó ń tún yàrá ṣe. Àjàkálẹ̀ mìíràn lè dé nígbàkigbà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: gbólóhùn "ibí mọ́ tónítóní" kò lè dá àlejò padà. Ohun tó ń dá a padà ni pé kí ó mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ranni, kí ó mọ ohun tí ẹ ṣe láti dí ọ̀nà náà, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ ṣe é.

1. Ẹ mọ àwọn tó ń sùn lọ́dọ̀ yín

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé Suitland ró. Ibẹ̀ ni orílé-iṣẹ́ Census Bureau, àjọ tó ń ka àwọn ará Amẹ́ríkà, wà. Ibẹ̀ ni àjọ NOAA ti ń darí àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́. Ibẹ̀ náà ni Office of Naval Intelligence ti ilé iṣẹ́ ológun ojú omi fìdí kalẹ̀ sí. Suitland Parkway so Joint Base Andrews pọ̀ mọ́ Washington, ọkọ̀ ojú irin Green Line sì ti ń dúró ní Suitland láti oṣù kìíní ọdún 2001. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sùn sí Camp Springs, Oxon Hill, National Harbor àti agbègbè wọn.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ àlejò àkọ́kọ́ yín ni òṣìṣẹ́ ìjọba, agbaṣẹ́ṣe àti ológun. Ọ̀gá wọn ló ń rán wọn wá, ọ̀gá náà ló sì ń béèrè ìwé: kí ni ẹ kọ sílẹ̀ pé ẹ ń ṣe? Bí ẹ kò bá ní ìwé kankan láti fi ránṣẹ́, wọn yóò gba òtẹ́ẹ̀lì tó ní ìwé lọ, torí iye kan náà ni ìjọba ń san fún ibùsùn ní Prince George's àti ní Washington.

Ẹgbẹ́ kejì ni ẹbí. Itẹ́ òkú Cedar Hill àti Lincoln Memorial wà ní Suitland, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ wá sìnkú. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Lanham, Bowie, Hyattsville àti Largo ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, ará sì ń ti Houston, Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó wá bá wọn yọ̀. Yàrá mẹ́wàá, yàrá ogún ni irú wọn ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rántí pé ìyá àgbà ló wà láàárín wọn. Bí ẹ̀rù bá ba ìyá àgbà, gbogbo yàrá náà lè lọ níjọ́ kan.

Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tí àjàkálẹ̀ kì í dá dúró: nọ́ọ̀sì tó ń ti ìpínlẹ̀ kan ṣiṣẹ́ bọ́ sí òmíràn, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn yìí ló kọ́kọ́ ń padà, ẹnu wọn ni àwọn yòókù sì ti máa gbọ́ ìròyìn yín.

Ohun tí ẹ óò ṣe: ẹ pín ìwé àwọn àlejò yín àtẹ̀yìnwá sí mẹ́ta yìí. Ẹ pe èèyàn mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n: kí ló ń bà yín lẹ́rù, àti kí lẹ fẹ́ rí kí ẹ tó padà wá? Ìdáhùn wọn ni kí ẹ fi ṣe ètò yín, kí ẹ má fi àròsọ ṣe é.

2. Ẹ mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ranni

Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ìgbà Kòrónà, bí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bá ti gbọ́ orúkọ àrùn kan, ìgò sànítáísà ni wọ́n ń sáré rà. Bẹ́ẹ̀, àrùn yàtọ̀ síra, owó tí ẹ bá ná sí ọ̀nà tí àrùn kò gbà, òfo ni.

Àrùn inú afẹ́fẹ́. Kòrónà, ọ̀fìnkìn líle àti èéyi wà nínú ìsọ̀rí yìí. Lọ́dún 2020, gbogbo ayé ń nu tábìlì, wọ́n ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà sọ pé bí èèyàn bá fọwọ́ kan ibi tí kòkòrò Kòrónà wà, ewu pé yóò ràn án kéré sí ẹyọ kan nínú 10,000. Inú afẹ́fẹ́ tí a jọ ń mí ni ewu náà wà. Ẹ ṣí fèrèsé tó bá ṣeé ṣí. Ẹ fi asẹ́ MERV-13 sí ẹ̀rọ tó ń pín afẹ́fẹ́ kiri ilé, bí ẹ̀rọ náà bá lè gbé e. Ní ọ̀pọ̀ yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ amúlétutù abẹ́ fèrèsé ní ọwọ́ kékeré kan tó ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ lọ wò ó, títì ni ẹ máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn. CDC gbani nímọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa rọ́pò ti inú ilé ní ìgbà márùn-ún, ó kéré tán, ní wákàtí kan. Ibi tí àlejò ti ń jẹun àárọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣí ìbòmú.

Àrùn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Norovirus ni olórí wọn. Sànítáísà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ àti omi ni. Ibi tí ẹnì kan bá bì sí, bílíìṣì ìfọṣọ ni kí ẹ lò: ṣíbí ńlá 5 sí 25 nínú gálọ́ọ̀nù omi kan. Òṣìṣẹ́ ilé ìdáná tó bá bì kò gbọ́dọ̀ padà sídìí oúnjẹ títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá.

Àrùn inú omi. Èyí ni àwọn onílé òtẹ́ẹ̀lì ń gbàgbé, òun ló sì ti ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá pa rí. Ní oṣù keje ọdún 1976, àwọn ológun tẹ́lẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ American Legion ṣe àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì Bellevue-Stratford ní Philadelphia. Láìpẹ́, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró mú èèyàn tó ju 180 lọ, nǹkan bíi 30 nínú wọn sì kú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Oṣù kìíní ọdún 1977 ni CDC tó kéde pé Joseph McDade, òṣìṣẹ́ wọn, ti rí kòkòrò náà, èyí tí wọ́n wá pè ní Legionella. Ṣùgbọ́n àlejò kò dúró de ìdáhùn: òtẹ́ẹ̀lì náà ti ti ilẹ̀kùn láti oṣù kọkànlá 1976. Omi tó dúró sójú kan, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 77 sí 113 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ni kòkòrò yìí fẹ́ràn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti àjà ilé kan pa nítorí àìsí àlejò, omi inú páìpù rẹ̀ ti ń di ewu nìyẹn. Ilé iṣẹ́ WSSC Water ló ń gbé omi wá sí ẹnu ọ̀nà yín, ṣùgbọ́n páìpù inú ilé, ọrùn yín ló wà. Ẹ máa ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi àti ṣáwà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí omi gbígbóná inú táǹkì má sì lọ sílẹ̀ ju 140 lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lú u pọ̀ mọ́ omi tútù kí ó má baà bó àlejò.

Àrùn ara sí ara. Ẹ̀bólà kì í gba inú afẹ́fẹ́. Omi ara ẹni tó ti ń ṣàìsàn ló ń gbé e. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ìtàn rẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ló ti pápákọ̀ òfuurufú Èkó wọlé. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni àjọ WHO kéde pé ó ti tán. Èèyàn 20 ló mú, 8 kú, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì wà nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá aláìsàn àkọ́kọ́ pàdé sá lọ sí Port Harcourt, yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni dókítà kan sì ti tọ́jú rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Dókítà náà kú. Ohun tó gba orílẹ̀-èdè náà là ni pé wọ́n wá àwọn bíi 900 tó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò nílé léraléra, ìbẹ̀wò tó lé ní 18,000. Òtẹ́ẹ̀lì tí ìwé orúkọ àlejò rẹ̀ bá pé lè ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tí ìwé rẹ̀ kò bá pé ń dí i lọ́wọ́.

3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ yín

Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ló ń fọwọ́ kan gbogbo ohun tí àlejò ti fọwọ́ kàn. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, tó sì mọ̀ pé bí òun kò bá wá, owó ọjọ́ náà ti lọ, yóò wá. Láti ọdún 2018 ni òfin Maryland ti sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìsinmi àìsàn tí owó rẹ̀ ń wọlé: wákàtí kan fún ọgbọ̀n wákàtí tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, títí dé wákàtí 40 lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ló wà. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìsinmi wọn, kí ẹni tó bá sì lò ó má rí ojú burúkú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Kí òṣìṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Kí ó ṣí fèrèsé tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Kí ó ká aṣọ ibùsùn láti etí wá sáàárín, kí ó má gbọ̀n ọ́n, kí ó sì kó o sínú àpò níbẹ̀. Kí ó ti ibi tó mọ́ lọ síbi tó dọ̀tí: tábìlì ṣáájú, ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn. Kí ó fọ ìdọ̀tí kúrò kí ó tó da oògùn apakòkòrò sí i. Oògùn náà gbọ́dọ̀ wà ní tútù lórí nǹkan fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò; ẹni tó bá fọ́n ọn tó sì nù ún kíá, lásán ló ṣiṣẹ́. Kí rìmóòtù, ibi títan iná àti ọwọ́ fèrèsé má ṣe bọ́ sẹ́yìn. Bí yàrá kan bá ń gba ogún ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀, ẹ fi kún un. Ẹ kò lè béèrè iṣẹ́ ìlọ́po méjì láàárín àkókò kan náà.

Nípa oògùn, ẹ má gba ẹnu ọlọ́jà gbọ́. Àjọ EPA ní ìwé orúkọ oògùn fún àrùn kọ̀ọ̀kan: List N fún Kòrónà, List G fún norovirus. Nọ́mbà EPA tó wà lára ìgò ni kí ẹ fi wá a.

4. Ẹ jẹ́ kí àlejò rí i

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Hilton kéde ètò CleanStay pẹ̀lú Mayo Clinic: lẹ́yìn tí wọ́n bá tún yàrá ṣe, wọ́n á lẹ bébà kan mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, àlejò ni yóò já a. Marriott, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bethesda ní Maryland níbí, gbé ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó tirẹ̀ kalẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹ̀yin náà lè ṣe ti bébà, kò náni ní nǹkan. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti orúkọ àkọ́kọ́ ẹni tó tún yàrá náà ṣe sí i, bí onítọ̀hún bá gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn lágbára ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n bébà kì í yọ kòkòrò kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí ojú ń rí àti ohun tó ń dáàbò bò ni gbọ́dọ̀ jọ rìn. Bí ẹ bá pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sára ògiri lẹ́bàá lífítì. Bí ẹ bá yẹ omi wò, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò náà sí káńtà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo, ohun tí ẹ ń ṣe, ìgbà tí ẹ ń ṣe é, ẹni tó ń ṣe é, kí ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó bá béèrè.

5. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín kí àhesọ tó sọ ọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, àhesọ kan tàn káàkiri Nàìjíríà lóru mọ́jú pé omi iyọ̀ ń dènà Ẹ̀bólà. Àwọn èèyàn mu ún, wọ́n fi wẹ̀, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn. Níbi tí òtítọ́ kò bá tètè dé, ohunkóhun ló lè jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àlejò mẹ́rin bì lóru ọjọ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì yín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti pe ẹ̀ka ìlera káúńtì, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Largo. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kí gbogbo àlejò ti gba ìwé báyìí:

"Àlejò wa ọ̀wọ́n, lóru àná èèyàn mẹ́rin ṣàìsàn èébì níbí. A ti fi tó ẹ̀ka ìlera káúńtì létí, a sì ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n sọ. A ti ti yàrá oúnjẹ. Oúnjẹ inú páálí la ó máa pín. A ti fi bílíìṣì fọ àwọn yàrá tọ́rọ̀ kàn àti lífítì. Ẹ jọ̀wọ́, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi máa fọwọ́. Bí ara yín kò bá yá, ẹ pe káńtà, a ó gbé ohun tí ẹ nílò wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, a ó dá owó rẹ̀ padà. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la ó tún kọ̀wé sí yín."

Bí aago mẹ́fà bá lù, ẹ kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tuntun. Ẹ má dárúkọ aláìsàn, ẹ má sọ nọ́mbà yàrá rẹ̀. Ẹ má sì sọ ìlú tó ti wá. Lọ́dún 2014, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Texas kọ àwọn ọmọ Nàìjíríà nítorí Ẹ̀bólà, nígbà tí àrùn náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwa tí wọ́n ti fojú burúkú wò nítorí ìwé ìrìnnà kò gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

6. Bí ẹ óò ṣe dáhùn lórí fóònù

Ẹni tó wà ní káńtà ni ohùn yín. Ẹ jẹ́ kó fi irú ọ̀rọ̀ yìí dánra wò:

"Ẹ káàsán mà, ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni mo pè?"

"Ẹ káàsán mà. Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ohùn Yorùbá ni mo gbọ́ yẹn. Ó ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, yàrá méjìlá ni mo ń wá. Àmọ́ wọ́n ní àwọn kan ṣàìsàn lọ́dọ̀ yín."

"Òótọ́ ni mà. Èèyàn mẹ́rin ló bì lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. A pe ẹ̀ka ìlera káúńtì lóru náà, a ti yàrá oúnjẹ pa, a sì fi bílíìṣì fọ gbogbo ibẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹlòmíràn tó ṣàìsàn."

"Ìyá ọkọ mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ṣé mo lè mú wọn wá?"

"Mà, mi ò lè búra pé àìsàn kò ní dé. Ẹ bi dókítà wọn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀ tó jìnnà sí lífítì, kí a máa gbé oúnjẹ bá wọn níbẹ̀. Ẹ lè wá wò ó lọ́la kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí wọn kò bá sì lè wá mọ́, tiwọn nìkan la ó yọ, ti àwọn yòókù á dúró."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. N ó wá lọ́la."

Ẹ kíyè sí i: ọmọ náà kò parọ́, kò ṣe ìlérí tó ju agbára rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n wá fojú rí i. Kò lè dáhùn bẹ́ẹ̀ bí ẹ kò bá sọ òtítọ́ fún òun náà.

7. Bí àlejò bá ṣàìsàn nínú yàrá

- Ẹ bi í bóyá ó ń fẹ́ kí ẹ pe 911. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí tí orí rẹ̀ ń dàrú, ẹ má dúró gba àṣẹ.
- Ẹ má lé e síta. Ẹni tí wọ́n bá lé yóò gbé àrùn náà lọ síbòmíràn, ẹni tó bá sì gbọ́ kò ní sọ àìsàn rẹ̀ fún yín láé.
- Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò máa gbé oúnjẹ àti omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
- Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.
- Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ìlera bí yàrá náà yóò ṣe pẹ́ tó kí ẹ tó tún un ṣe àti kí ẹlòmíràn tó sùn níbẹ̀.

8. Ọ̀rọ̀ owó

Lásìkò ẹ̀rù, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló ń já owó yàrá wálẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù ikú kò ní torí ogún dọ́là wá sùn, àwọn kan tilẹ̀ máa rò pé ohun kan ló wà níbẹ̀ tí ẹ fi ń ta ọ̀pọ̀. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yọ ewu kúrò lórí owó àlejò: kí ẹni tó ti sanwó lè pa ìrìn àjò rẹ̀ tì láìpàdánù, títí di ọjọ́ tó yẹ kó dé. Kí ẹ dá owó padà kíákíá, láìjẹ́ kí ó bẹ̀ yín. Àlejò tí ẹ dá owó rẹ̀ padà nírọ̀rùn yóò padà wá nígbà tí nǹkan bá rọlẹ̀.

9. Ẹ ṣe mẹ́rin yìí lọ́sẹ̀ yìí

Òtẹ́ẹ̀lì tó bá dúró di ìgbà tí àrùn dé kó tó múra ti pẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wá nọ́mbà ẹ̀ka ìlera káúńtì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ káńtà níbi tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru á ti rí i. Ẹ ṣí omi gbogbo yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí láti ọjọ́ méje. Ẹ ka òfin ìsinmi àìsàn fún àwọn òṣìṣẹ́ yín, kí ẹ sì dáhùn ìbéèrè wọn. Ẹ̀kẹrin, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bá àlejò sọ òtítọ́ nígbà tí ìṣòro bá dé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò bá a wí nítorí pé ó sọ ọ́.